Igba Nìkan Ni Ẹ̀rọ Náà Mọ̀ Ọ́n Pè

Ẹgbẹ̀ta náírà ni Ìyá Onífọ́tòkọ́pì san fún iṣẹ́ ẹgbẹ̀rún. Kì í ṣe pé ó jí irínwó tó kù. Wáyà, atúnẹ̀rọṣe tó bá a tún ẹ̀rọ rẹ̀ ṣe, ló ń kólòlò. "Ẹ-ẹgb-ẹgbẹ̀..." Kó tó débi tó ń lọ, obìnrin náà ti bá a parí rẹ̀: "Ẹgbẹ̀ta? Ó dáa, ọmọ mi, gbà." Ó kawó sílẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.

Àwọn àgbà ní bó pẹ́ títí, akólòlò á pe baba. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ta ni yóò máa san owó ṣọ́ọ̀bù títí yóò fi pè é? Ìyàwó Wáyà wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù tèmi tó kángun sí tirẹ̀: "Bàbá Káfíńtà, ẹ bá mi sọ fún un. Bí oṣù yìí bá tún rí báyìí, kó ti ibẹ̀ pa, kó lọ máa ṣọ́ géètì. Géètì kì í béèrè èló."

Wáyà lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta àlòkù irin. Ọ̀ọ́dúnrún ló fi ra kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan, irú èyí tó ní ọwọ́ bí àpótí, tí wọ́n ń gbé kiri, tó sì wúwo bí ẹ̀rọ ìránṣọ. Ó yọ sípíkà lára redíò tó ti kú, ó fi òjé jó wáyà mọ́ ọn, ó sì ń kọ́ kọ̀ǹpútà náà ní ìró lẹ́tà lọ́kọ̀ọ̀kan, kó lè máa bá a pe owó fún oníbàárà. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko! Èmi ni mo kan àpótí pákó tó fi bò ó. Igba ni pákó. Mi ò ka iṣẹ́ ọwọ́ mi mọ́ ọn.

Ọjọ́ tí kọ̀ǹpútà náà kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ó ní, "Ẹ san igba." Ó já geere! Ìyàwó pàtẹ́wọ́. Mo ní, "Jẹ́ kó pe ẹgbẹ̀rún." Ohun tó jáde kò jọ owó kankan. Ohùn kan ṣoṣo ló ní, kò lè gòkè, kò lè sọ̀ kalẹ̀. Igba nìkan ló bá ohùn ọ̀hún mu.

"Wáyà," mo ní, "igba náà ni wàá máa gbà títí ayé nìyẹn, ì báà jẹ́ fáànù, ì báà jẹ́ tẹlifíṣọ̀n."

Ìyàwó fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò rí i rín. Wáyà ò tilẹ̀ gbọ́ wa. Ó ń fi orin pe ẹgbẹ̀rún: re, dò, mí. Kò kólòlò rárá. Ọ̀rọ̀ kì í há a lẹ́nu tó bá di orin. Ló bá tú redíò mẹ́ta sí i, ó yọ ohun tí wọ́n fi ń yí ohùn wọn, ó so wọ́n mọ́ kọ̀ǹpútà, ó sì ń kọrin, ó ń yí wọn, títí ọ̀kan fi di dò, ọ̀kan re, ọ̀kan mí.

Ẹ̀rọ Ìyá Onífọ́tòkọ́pì tún bàjẹ́ kí oṣù tó parí. Wáyà tún un ṣe tán, ó tẹ kọ̀ǹpútà.

"Ẹgbẹ̀rún," ni àpótí wí.

"Hẹ̀n! Ta ló wà nínú ẹ̀?" Obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba ẹgbẹ̀ta bíi ti tẹ́lẹ̀."

Wáyà ò tíì kọ́ àpótí ní ìnájà. Òun fúnra rẹ̀ ló la ẹnu: "Rá-rá-rárá!"

Kò sẹ́ni tó lè bá a parí ìyẹn. "Ó tó o," obìnrin náà ń rẹ́rìn-ín, "ẹ̀ẹ̀kan ni mo bẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta lo kọ̀!" Ó ka ẹgbẹ̀rún pé.

Oṣù parí, ṣọ́ọ̀bù ò tì. Wáyà ò tíì san igba pákó tèmi. Ìyẹn ò sì ní àwáwí: láti ọjọ́ kìn-ín-ní ni àpótí ti mọ̀ ọ́n pè.