Ẹ̀gbà Ọrùn Kápítéènì

Ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta ni Babáfẹ́mi.

Sójà ni. Sájẹ́ǹtì. Ará Èkìtì ni, ṣùgbọ́n Jakande ní Ìsọlọ̀ ló ń gbé, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, òun àti Àrìnkẹ́ ìyàwó rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ní bárékè kò ṣòro sọ. Láràárọ̀, kí ọ̀gá tó jáde sí àwọn sójà, òun ló ń yẹ̀ wọ́n wò. Irun tó gùn, ó di gígẹ̀. Bàtà tí kò dán, ó di dídán. Kì í pariwo. Á kàn dúró síwájú ẹni náà, á wo ibi tó kù díẹ̀ káàtó, ẹni náà á sì mọ̀.

Ọmọ kan ṣoṣo ni Ọlọ́run fún un, Morọ́lá. Ta ni Morọ́lá wá fẹ́? Kápítéènì Kọ́láolúwa, ọ̀gá bàbá rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò yàn án fún un. Wọ́n rí ara wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì, ọ̀rọ̀ sì wọ̀.

Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ ti di ojú méjì. Ní bárékè, bí Kápítéènì bá ń bọ̀, Babáfẹ́mi á nà gbọọrọ bí òpó iná, á gbọ́wọ́ sórí, á kí i. Bó bá di ọ̀sán ọjọ́ ìsinmi, tí Kápítéènì bá wọlé sí Jakande, Kápítéènì ni yóò dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún bàbá ìyàwó rẹ̀, àyà kan ilẹ̀. Àwọn sójà mọ̀. Wọ́n fi ń ṣe yẹ̀yẹ́.

"Baba, bí ẹ̀yin àti àna yín bá pàdé ní Òṣòdì ńkọ́? Ta ni yóò kọ́kọ́ kí ẹnì kejì?" Mísbáù ló bi í bẹ́ẹ̀, sójà kan tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi.

"Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí ẹnì kejì ni yóò sá pamọ́," ni Babáfẹ́mi wí.

Ẹ̀rín ni nígbà náà. Ó ṣe díẹ̀, Babáfẹ́mi rí ẹ̀gbà lọ́rùn Mísbáù, ó ní kó yọ ọ́. Òfin wọn kò fẹ́ kí ẹ̀gbà máa hàn lára ẹni tó wọ yunifọ́ọ̀mù. Mísbáù yọ ọ́, ó fi sápò. Ọ̀sẹ̀ náà kò tíì parí tí Kápítéènì fi jáde sí wọn, tí ẹ̀gbà wúrà ń dán yanran lọ́rùn tirẹ̀. Gbogbo wọn rí i. Ní ọjọ́ kejì, Mísbáù tún wọ tirẹ̀ wá.

Babáfẹ́mi dúró síwájú rẹ̀, ó wò ó.

"Mo rí i pé ẹ rí i, Baba," ni Mísbáù wí, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ṣùgbọ́n ẹ là mí lóye. Ṣé ọrùn àna yín kì í ṣe ọrùn ni?"

Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gbé ẹ̀rín mì. Babáfẹ́mi kọjá sí ẹni tó kàn. Kò kọjá bẹ́ẹ̀ rí láti ìgbà tó ti ń ṣiṣẹ́ náà.

Ara rẹ̀ kò wá balẹ̀ mọ́. Ó jókòó, ó dìde. Ó nu bàtà tó ti nù tẹ́lẹ̀. Ó lọ sójú fèrèsé, ó ń wo àwọn tó ń pọn omi nísàlẹ̀, kò sì rí wọn. Bí kò bá sọ̀rọ̀, kò sí sójà tí yóò tún ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí. Bó bá sọ̀rọ̀, ilé ọmọ rẹ̀ ńkọ́?

"Bàbá Morọ́lá, kí ló dé tẹ́ ẹ̀ ń rìn káàkiri bí adìẹ tó ń wá ibi tí yóò yé sí?" ni Àrìnkẹ́ bi í.

Ó sọ fún un.

"Èyí náà lọ̀rọ̀? Ó ń bọ̀ lọ́jọ́ ìsinmi. Yóò dọ̀bálẹ̀. Kó tó dìde, ẹ ti sọ ọ́. Ó parí."

"Hùn."

"Àmọ́ kí ẹ mọ̀ o. Morọ́lá ló rà á fún un."

Èyí tún wá bu iyọ̀ sójú egbò rẹ̀.

Kápítéènì dé lọ́jọ́ ìsinmi. Ó dọ̀bálẹ̀. Ẹ̀gbà náà yọ síta, ó fi ara kan ilẹ̀. Àrìnkẹ́ ń ṣẹ́jú sí ọkọ rẹ̀. Babáfẹ́mi la ẹnu, ó ń wo ẹ̀yìn orí ọmọkùnrin náà. Ẹni tó dọ̀bálẹ̀ fún bàbá ìyàwó rẹ̀, kí ló lè wí ju "Ẹ ṣé, sà" lọ? Kò lè jiyàn. Kò lè bínú. Bí a bá bá a wí níbẹ̀, a ti dè é lọ́wọ́ kí a tó nà án.

"Dìde, ọmọ mi," ni ó wí. "Ilé ńkọ́?"

Àrìnkẹ́ pòṣé, ó wọ ilé ìdáná lọ.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, kí àwọn sójà tó tò, Babáfẹ́mi kan ilẹ̀kùn ọ́fíìsì Kápítéènì. Ó wọlé, ó nà gbọọrọ, ó kí i.

"Mo tọrọ àyè ọ̀rọ̀, sà."

"Ẹ sọ ọ́, Sájẹ́ǹtì."

"Ẹ̀gbà ọrùn yín ń hàn, sà. Mo ti ní kí àwọn sójà yọ tiwọn. Tiyín ni wọ́n ń wò."

Kápítéènì gbójú sókè. Kò sí ẹ̀rín níbẹ̀. "Ta ló ń bá mi sọ̀rọ̀? Ṣé Sájẹ́ǹtì ni, àbí bàbá ìyàwó mi?"

"Sájẹ́ǹtì ni, sà. Bàbá ìyàwó yín wà ní Jakande. Òun kò rí nǹkan kan."

"Morọ́lá ló fún mi."

"Mo gbọ́ bẹ́ẹ̀, sà."

"Bí mo bá ní mi ò yọ ọ́ ńkọ́?"

"Ẹ lè sọ bẹ́ẹ̀, sà. Ìdí tí mo fi wá síbí nìyẹn. Lánàá, ẹ ò lè sọ ọ́."

Fáànù ń yí lókè. Òógùn ń ṣàn lẹ́yìn Babáfẹ́mi, kò nù ún.

"Ẹ máa lọ, Sájẹ́ǹtì."

Ó kí i, ó jáde. Kò mọ èwo nìyẹn nínú bẹ́ẹ̀ ni àti bẹ́ẹ̀ kọ́.

Àwọn sójà tò. Mísbáù wà láàárín wọn, ẹ̀gbà lọ́rùn, òun náà ń wo ilẹ̀kùn. Kápítéènì jáde. Ọrùn rẹ̀ ṣófo. Babáfẹ́mi kí i, ṣùgbọ́n Kápítéènì gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá láìwò ó. Ìgbà tó ti kọjá tán ló tó dá kíkí rẹ̀ padà. Ó dun Babáfẹ́mi. Síbẹ̀, ó yí padà, ó lọ dúró síwájú Mísbáù.

"Mo ti ń yọ ọ́, Baba," ni Mísbáù wí. Ọwọ́ rẹ̀ ti wà lẹ́yìn ọrùn.

Nígbà tí Babáfẹ́mi délé, Àrìnkẹ́ ní Morọ́lá ti pè. "Ó ní ọkọ òun dákẹ́. Ó ní kí lẹ ṣe fún un?"

"Bó bá wá lọ́jọ́ ìsinmi, a ó mọ̀."

"Bí kò bá wá ńkọ́?"

Babáfẹ́mi fa àwo oúnjẹ sọ́dọ̀. Iṣu díndín àti ata ló jẹ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, pẹ̀lú ẹja panla díẹ̀.