Ilẹ̀kùn Gáràjì Tí Mo Tì

Ohùn ẹ́ńjìnì náà ni mo máa ń rántí kí n tó rántí èéfín rẹ̀. Ohùn tó dọ́gba ni, bí ẹni tó ń mí lójú oorun. Onísílíńdà mẹ́fà ni, gbogbo wọn tò tẹ̀lé ara wọn lórí ìlà kan ṣoṣo. Kì í tilẹ̀ ṣe ẹ́ńjìnì ọkọ̀. Oko òwú kan ní gúúsù Dallas ni wọ́n ti ń fi í fa omi nígbà kan rí, kí wọ́n tó pa á tì sábẹ́ igi. Èmi ni mo ní dandan, inú ọkọ̀ píkọ́ọ̀pù àtijọ́ mi, tó dàgbà jù mí lọ, tí ẹ́ńjìnì tirẹ̀ ti kú, ni mo máa gbé e sí. Gbogbo ẹni tó mọ ọkọ̀ ló ní kí n wá onísílíńdà mẹ́jọ tó wọ́pọ̀ ní Texas. Mo kọ̀. Bàbá mi wa lọ́rì onísílíńdà mẹ́fà láti Ìbàdàn dé Ṣakí, ohùn yẹn la sì fi ń mọ̀ nílé pé ó ti ń bọ̀. Mo ti lé lógójì ọdún nígbà náà, mo sì rò pé mo gbọ́n.

Àgbàlagbà kan nínú ìjọ wa, mẹkáníìkì tó ti fẹ̀yìn tì, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá, ló bá mi fi ṣéènì gbé e wọlé. Ẹ́ńjìnì náà gùn jù. A gé irin iwájú, a ti rédíétọ̀ síwájú, Sátidé lórí Sátidé. Ìyàwó mi, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, iṣẹ́ alẹ́ ló ń ṣe, àárọ̀ ló sì máa ń sùn, nínú yàrá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kíṣìn. Ilẹ̀kùn kíṣìn ló sì já sí gáràjì. Bó bá ti ibi iṣẹ́ dé, á yọjú sí wa, á ní, "Bàbá, ẹ bá mi kí orogún mi o. Ṣé ó ti jẹun?" Bàbá á ní ó ti mu ọ́ìlì, kí ó lọ sùn ní tirẹ̀.

Ọjọ́ tí a kọ́kọ́ tan ẹ́ńjìnì náà, ilẹ̀kùn gáràjì wà ní ṣíṣí. Sàlẹ́ńsà ọkọ̀ náà kò bá a mu, nítorí náà kò sí ohun tó pa ariwo rẹ̀. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí ìwé fi dé láti ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ àwọn onílé àdúgbò wa ní Irving, pé ẹnìkan ti fẹjọ́ ariwo sùn, kí n má jẹ́ kí wọ́n tún gbọ́ ọ. Ẹlòmíràn á ka irú ìwé bẹ́ẹ̀, á jù ú sí kọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n èmi ń retí ọjọ́ tí ìjọba yóò pè mí wá dáhùn ìbéèrè kí n tó lè di ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Gbogbo ìwé tó bá ti ní orúkọ mi lórí ló ń já mi láyà. Mo ti rí i lọ́kàn mi bí òṣìṣẹ́ ìjọba ṣe máa fa ìwé ariwo yẹn yọ nínú fáìlì, tí á wò mí tẹ̀gàntẹ̀gàn. Ìbẹ̀rù ejò ni kì í jẹ́ ká tẹ ọmọ ejò mọ́lẹ̀. Ní tèmi, okùn ni mo ń sá fún, mo sì kọ ẹ̀yìn sí ejò.

Nígbà tí Bàbá tún dé, mo ti ti ilẹ̀kùn gáràjì, mo ti fi bùláńkẹ́ẹ̀tì dí ẹsẹ̀ rẹ̀ kí ohùn má baà jáde. Mo ní ká tan án fún ìṣẹ́jú márùn-ún péré. Ó wo bùláńkẹ́ẹ̀tì náà, ó wò mí.

"Ṣílẹ̀kùn yìí, àbúrò. Èéfín kò mọ ẹni tó ni ilé."

Ó ní òun ń lọ sọ́dọ̀ wẹ́dà tó ń tẹ páìpù sàlẹ́ńsà wa, kí n má fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́ títí òun yóò fi dé. Mo ní, "Mo ti gbọ́, sà."

Mo gbọ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tó pẹ́ díẹ̀, mo ní kí n kàn fetí sí i bóyá ọ̀kan nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà kò ṣiṣẹ́. Mo yí kọ́kọ́rọ́. Mo ṣí ilẹ̀kùn kíṣìn sílẹ̀ díẹ̀, kí n lè gbọ́ bí ìyàwó mi bá jí tó pè mí. Ẹ̀rọ tó ń ké bí èéfín bá wọlé wà lókè àjà lẹ́nu yàrá rẹ̀, ṣùgbọ́n èmi kan náà ni mo ti yọ bátìrì rẹ̀, torí pé gbogbo ìgbà tí mo bá ń din ata ló ń ké, tó ń jí i. Nítorí rẹ̀ ni mo ṣe ṣe méjèèjì. Kì í ṣe pé n kò mọ ohun tí èéfín ń ṣe. Nílé, mo ti bá wọn sin tọkọtaya kan tí wọ́n gbé jẹnẹrétọ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ sùn. N kò kàn ronú pé ohun tí mo fẹ́ràn tó bẹ́ẹ̀ lè jẹ́ ọmọ ìyá jẹnẹrétọ̀.

Mo jókòó sórí àga awakọ̀, mò ń gbọ́ ọ. Orí ń fọ́ mi, mo rò pé àárẹ̀ ni. Nígbà tí mo rántí ẹni tó ń sùn lẹ́yìn ògiri, mo fẹ́ dìde, ẹsẹ̀ mi kò gbọ́.

Bàbá ló dé, tó gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnì lẹ́yìn ilẹ̀kùn títì. Páìpù tó gbé bọ̀ ló fi fọ́ fèrèsé kíṣìn, ó wọlé, ó pa ẹ́ńjìnì, ó ṣí gáràjì. Ó rí mi lórí àga, ó kọjá lára mi, ó lọ kọ́kọ́ wọ́ ìyàwó mi jáde. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé èmi fọwọ́ ara mi fà á, ìyàwó mi kò mọ nǹkan kan.

Ní ọsibítù, wọ́n béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Mo ní ilẹ̀kùn gáràjì ló há. Ẹ̀rù ọlọ́pàá bà mí, ẹ̀rù ìwé bà mí. Bàbá dúró níbẹ̀, ó ń wo bàtà rẹ̀. Ohun tí mo sọ yẹn náà ni ìyàwó mi gbọ́ nígbà tó lajú.

Wọ́n pè mí fún ìbéèrè ìjọba lóṣù tó tẹ̀ lé e. Obìnrin tó bi mí ní ìbéèrè kò dárúkọ ariwo, kò dárúkọ ọkọ̀. Ó kí mi kú oríire. Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ìyàwó mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbàgbé nǹkan. Ó wá iyọ̀ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tó kù díẹ̀ kó fún aláìsàn kan ní oògùn kan náà lẹ́ẹ̀mejì, òun fúnra rẹ̀ ló fi iṣẹ́ sílẹ̀. Dókítà ní irú rẹ̀ máa ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn èéfín, pé ó lè sàn, ó lè má sàn.

Bàbá wá fa ọkọ̀ náà lọ, n kò béèrè ibi tó gbé e lọ. Kó tó lọ, ó ní, "Bí o kò bá sọ fún un, èmi kò ní sọ. Ṣùgbọ́n má pè mí wá jẹun nílé rẹ mọ́."

Ó tó oṣù mẹ́rin kí n tó lè sọ ọ́ fún ìyàwó mi, lọ́jọ́ Sọ́ńdè kan tí a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. Mo sọ ti ìwé, ti bùláńkẹ́ẹ̀tì, ti bátìrì. Ó tú gèlè rẹ̀ sórí itan, ó ní,

"Dádì, mò ń sùn ni o."

Ohun tó sọ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó sunkún, èmi náà sunkún, ó sì dà bíi pé ẹrù kan sọ̀kalẹ̀ lórí mi.

Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà, a jọ ń ṣa ẹ̀wà, ó bi mí bóyá wọ́n ti tún ilẹ̀kùn gáràjì tó há lọ́jọ́sí ṣe. Irọ́ tí mo pa ní ọsibítù wà lọ́kàn rẹ̀ digbí, òtítọ́ ni kò dúró. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Nílé mi, òtítọ́ ń bá a lóòótọ́, ṣùgbọ́n tó bá di ọjọ́ kejì ọjọ́ kẹta, irọ́ á tún ti ṣíwájú.

Ọmọbìnrin wa, tó wà ní yunifásítì, fi èdè òyìnbó sọ fún mi pé kí n jẹ́ kí màmá òun sinmi, pé ta ni mò ń sọ ọ́ fún gan-an, màmá òun àbí ara mi. Gbogbo ìgbà tí mo bá sọ ọ́, tuntun ló ń jẹ́ létí ìyàwó mi. Nígbà mìíràn á dì mọ́ mi, nígbà mìíràn kò ní bá mi sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Mo lè dákẹ́. Dídákẹ́ kò ṣòro fún irú mi.

Ní àárọ̀ yìí, ó tún béèrè nípa ilẹ̀kùn náà. Mo pa iná ìdáná, mo fa àga, mo jókòó síwájú rẹ̀.

Mo ní, "Kò há. Èmi ni mo tì í."