Ògbufọ̀ tí Kò Fọwọ́ Sí Ohun tí Kò Kà

Ẹ fi ohun tí ẹ ń ṣe sílẹ̀ ná, ẹ gbọ́ èyí! Ìtàn Aunty Mutmainnah ni mo fẹ́ sọ. Ìtàn náà dé Kánádà kó tó já sí ẹ̀yìnkùlé màmá mi àgbà ní Tucker, lẹ́bàá Atlanta. Ẹ má sọ pé kò kàn yín o. Èmi náà sọ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Iṣẹ́ ògbufọ̀ ni Aunty Mutmainnah ń ṣe. Ilé ìwòsàn, kóòtù, ọ́fíìsì lọ́yà, ibikíbi tí Gẹ̀ẹ́sì àti Yorùbá bá ti jókòó tí wọn ò gbọ́ ara wọn yé, Aunty ni wọ́n ń pè. Clarkston ni wọ́n ń gbé, Corolla kan tó ti dàgbà ni wọ́n sì ń wà kiri. Bí wọ́n bá ti dé ẹnu iṣẹ́, kò sí "èmi" lẹ́nu wọn mọ́. "Ògbufọ̀ ń béèrè." "Ògbufọ̀ kò gbọ́ ìparí rẹ̀." Ẹ̀rín fẹ́ pa mí lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ!

Kí Aunty tó dé Atlanta, ọdún mẹ́rin ni wọ́n fi tọ́jú àwọn arúgbó ní Saskatchewan, ní Kánádà, níbi tí òtútù ti ń wọ eyín. Ọ̀kan nínú àwọn arúgbó náà, ìyá kan láti inú ẹ̀yà Saulteaux, ọ̀kan lára àwọn tó ni ilẹ̀ ibẹ̀ kí òyìnbó tó dé, mú wọn lọ sí Fort Qu'Appelle nínú oṣù Kẹsàn-án, níbi tí àwọn ènìyàn rẹ̀ ti ń ṣe ìrántí Àdéhùn Kẹrin, tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní Treaty 4. Ibẹ̀ gan-an ni àwọn aṣojú Ọbabìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti jókòó pẹ̀lú àwọn olóyè Cree àti Saulteaux lọ́dún 1874. Ọjọ́ bíi mélòó kan ni wọ́n fi sọ̀rọ̀, ẹnu ògbufọ̀ ni gbogbo rẹ̀ sì ń gbà kọjá. Àwọn àgbà ibẹ̀ ń sọ ọ́ fún ọmọ wọn títí dòní pé àwọn gbà kí àlejò bá àwọn lo ilẹ̀, kó má ju ibi tí ohun ìtúlẹ̀ wọlẹ̀ dé lọ. Ìwé ńkọ́? Áà! Ìwé ní wọ́n ti yọ̀ǹda ilẹ̀ náà pátápátá fún Ọbabìnrin, títí láé. Ilẹ̀ tó tóbi ju gbogbo Georgia yìí lọ!

Ìyá yẹn wá bi Aunty, nígbà tó gbọ́ pé iṣẹ́ ògbufọ̀ ni wọ́n fẹ́ lọ kọ́: "Wọ́n kọ ọ́ sísàlẹ̀ ìwé pé ògbufọ̀ ti kà á, ó sì ti ṣàlàyé rẹ̀. Kí wá ni àwọn bàbá mi gbọ́?"

Ìbéèrè yẹn ni Aunty gbé dé Atlanta.

Ó di oṣù Kẹta ọdún tó kọjá. Ilé ìkẹ́rùsí kan wà lẹ́yìn ilé Màmá Àgbà, ìyẹn Ìyá Ọláníyọnu, tírélà wọn ò sì rí àyè yí padà. Wọ́n ní àwọn fẹ́ lo ẹ̀yìnkùlé Màmá, níbi tí ewúro, gbúre àti ilá wọn wà. Màmá ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, lọ́yà ilé-iṣẹ́ náà sì ní mọ̀lẹ́bí ò gbọdọ̀ ṣe ògbufọ̀. Bí wọ́n ṣe pe Aunty nìyẹn. Èmi, Tiwa, kàn jókòó ti Màmá ní ọ́fíìsì lọ́yà náà ni.

Nathaniel, aṣojú ilé-iṣẹ́ náà, ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó wá tọrọ ìyàwó. Ó ní kò sóhun tó máa yí padà rárá, àyè ni tírélà àwọn ń wá. Aunty túmọ̀ rẹ̀ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́.

Màmá ní, "Ó dáa. Ọlọ́run á bá wa ṣe é."

Ẹ mọ àwọn àgbà wa. Wọ́n lè fi "ó dáa" sin àlejò dé ẹnu géètì láìtíì gbà fún un! Lójú Nathaniel, ó ti parí. Ó ti báírò síwájú Màmá, Màmá sì mú un, torí pé àyè lásán ni wọ́n gbọ́. Ó wá na ojú ewé tó gbẹ̀yìn sí Aunty, kí wọ́n fọwọ́ sí i pé àwọn ti ka ìwé náà fún Màmá, àwọn sì ti ṣàlàyé rẹ̀.

Ọwọ́ Aunty dúró lórí tábìlì.

"Ògbufọ̀ ń tọrọ gáfárà. Ọ̀rọ̀ ẹnu yín ni ògbufọ̀ túmọ̀. Kò tíì ka ìwé."

"Ohun kan náà ni," Nathaniel ní. "Ojú ewé mọ́kànlá ni, madam. Ṣé a máa sùn síbí ni?"

"Ẹ jẹ́ ká tètè bẹ̀rẹ̀ nígbà náà."

"Ọ́fíìsì yìí lè wá ògbufọ̀ mìíràn o," lọ́yà ní.

"Wọ́n lè wá a, sà. Orúkọ tirẹ̀ lòun náà á fi síbẹ̀."

Aunty bẹ̀rẹ̀ sí í kà á ní Yorùbá, láti orí ìlà àkọ́kọ́. Nígbà tó fi máa di ojú ewé kẹta, Màmá ti ń tòògbé. Ó di ojú ewé karùn-ún: "Ìyá Ọláníyọnu yọ̀ǹda gbogbo ilẹ̀ ẹ̀yìn ilé náà, láti ara ògiri títí dé fẹ́ǹsì, fún ilé-iṣẹ́ yìí àti àwọn tó bá jogún rẹ̀, títí láé."

Màmá lajú. "Tún un kà."

Aunty tún un kà.

"Háà! Mo ní kí wọ́n wọlé wá mu omi, wọ́n fẹ́ gbé àmù lọ! Tiwa, ṣé o gbọ́? Ṣé èyí ló ní kò ní yí nǹkan kan padà?"

Nathaniel rẹ́rìn-ín, ó ní èdè lọ́yà lásán ni. Aunty túmọ̀ ìyẹn náà fún Màmá, wọn ò yọ nǹkan kan kúrò.

Màmá dáhùn pé, "Kó fi èdè lọ́yà náà kọ ọ́ pé ilẹ̀ mi ni."

Aunty sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì bó ṣe jẹ́ láìrẹ́rìn-ín. Lọ́yà húkọ́. Èmi ni mo bọjú sínú ìborùn mi!

Màmá wá gbé báírò sílẹ̀. "Bàbá mi yá àlejò nílẹ̀ ní Ìkirè. Wọ́n gbin ẹ̀gẹ́, wọ́n gbin àgbàdo, ẹnikẹ́ni nínú wọn ò fọwọ́ kan ọ̀pẹ bàbá mi. Ẹ máa yí tírélà yín lẹ́bàá fẹ́ǹsì. Ọdún kan. Bó bá pé, ẹ padà wá tọrọ."

Nathaniel kó ìwé rẹ̀, ó lọ. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ó gbé òmíràn dé, ojú ewé kan ṣoṣo, ọdún kan ṣoṣo. Aunty kà á tán kí Màmá tó fọwọ́ sí i, ìgbà yẹn ni Aunty náà fọwọ́ sí tiwọn. Lónìí tírélà ń yí lẹ́bàá fẹ́ǹsì, awakọ̀ á fọn fèrè kí Màmá nídìí gbúre wọn.

Ọ́fíìsì yẹn ò pe Aunty mọ́ láti ìgbà náà. Mo bi wọ́n bóyá ó dùn wọ́n. Wọ́n ní, "Ó dùn mí díẹ̀ o. Mo sì ń sùn dáadáa." Ìgbà yẹn ni wọ́n sọ ọ̀rọ̀ ìyá Saulteaux yẹn fún mi, mo sì wá Àdéhùn Kẹrin rí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, mo kà á nínú ọkọ̀ ojú irin, mo ré ibi tó yẹ kí n sọ̀ kọjá! Kò gùn rárá. Ẹ lọ wá a. Ẹ jókòó ti àgbàlagbà kan nílé yín, ẹ kà á sókè ní Yorùbá fún un, díẹ̀díẹ̀, kí ẹ wá fi ojú ara yín rí ohun tí ìwé yẹn ń gbà lọ.