Ọjọ́ Mẹ́ta Létí Èbúté

Fún ọdún mọ́kànlá gbáko, Mummy ò fojú kan àbúrò mi ọkùnrin, àbígbẹ̀yìn wọn. Ó ń fọ abọ́ nílé ìdáná òtẹ́ẹ̀lì kan, ní erékùṣù kékeré kan tó wà lójú òkun níwájú ìlú Naples, ní Ítálì. Pépà rẹ̀ ò tíì pé. Kò lè wá bá mi ní London, bẹ́ẹ̀ ni kò lè lọ sílé kó tún padà. Nígbà tí Mummy wá kí mi ní Peckham, ní London, láti Ìbàdàn, tí wọ́n sì rí físà Yúróòpù gbà, mo ní, "Mummy, ẹ jẹ́ ká lọ bá a níbi tó wà."

Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ní Brockley. Mo tọrọ lífù ọ̀sẹ̀ kan, mánígà fún mi ní ọjọ́ mẹ́rin. Mo ní kò burú: a ó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ kìíní, a ó sùn níbẹ̀ lálẹ́ mẹ́ta, a ó sì wọ bàálù padà láàárọ̀ ọjọ́ kẹrin. Mummy lọ sí ọjà Rye Lane, wọ́n ra gààrí, ẹ̀gúsí, irú àti ẹja gbígbẹ títí àpótí fi fẹ́ ya. Mo ní ẹrù yìí ti pọ̀ jù. Wọ́n ní ṣé èmi ni mo bí i ni.

Ní Naples, ibi tí takisí já wa sí kọ́ ni fẹ́rì tiwa wà. Ọkọ̀ kéékèèké ló wà níbẹ̀. Èbúté àwọn ọkọ̀ ńlá ṣì wà níwájú, lẹ́yìn ògiri gígùn kan. Mo ń wọ́ àpótí, Mummy ń tẹ̀ lé mi, wọ́n ń dúró díẹ̀díẹ̀ láti di orúnkún mú. Nígbà tí a débẹ̀, ọkùnrin tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì nawọ́ sí òkun tí ìgbì ń fò lórí rẹ̀.

"Domani," ló wí. Ọ̀la ni ìyẹn.

Mo bi í léèrè bóyá ọkọ̀ kankan á lọ lọ́sàn-án. "Domani." Kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, tàbí kò fẹ́ gbọ́.

Èyí tó dùn mí jù ni pé à ń rí erékùṣù náà. Mummy nàka sí i. "Ṣé ibẹ̀ yẹn ni ọmọ mi wà?"

"Ibẹ̀ ni, Mummy."

"Kò mà jìnnà."

Ó ń ṣe mí bíi kí n ju àpótí náà sómi. A lọ gba yàrá ní òtẹ́ẹ̀lì kan tó kọjú sí èbúté.

Lọ́jọ́ kejì, àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ jẹ́ ká wọ fẹ́rì. Mo pe àbúrò mi, mo ní a ti jókòó. A jókòó lóòótọ́, fún wákàtí méjì, ẹ́ńjìnnì ń kùn lábẹ́ ẹsẹ̀ wa, òórùn irú ń jáde látinú àpótí, débi tí obìnrin kan fi kó ọmọ rẹ̀ lọ sí ìjókòó mìíràn. Lẹ́yìn náà, wọ́n sọ nǹkan kan nínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn, gbogbo èèyàn sì dìde. Afẹ́fẹ́ ti tún dé. Ká bọ́ sílẹ̀.

Mo lọ bá òṣìṣẹ́ ọkọ̀ kan, mo pariwo mọ́ ọn. Mo ní ọmọ ìyá mi ló wà níbẹ̀ yẹn, ọdún mọ́kànlá! Ó gbé èjìká sókè. Mummy fà mí lápá. "Ṣé òun ló ni afẹ́fẹ́ ni? Jẹ́ ká lọ kírun." Sùúrù wọn yẹn tún bí mi nínú ju ti òṣìṣẹ́ náà lọ.

Ọjọ́ kẹta, lọ́sàn-án, fẹ́rì gbéra. Mummy bì sínú ọ̀rá lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí a tó débẹ̀. Nígbà tí a sọ̀ kalẹ̀, èrò ń tì wá, ọkùnrin kan sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó, ó gbẹ, irùngbọ̀n rẹ̀ ti ń funfun. Mummy mirí sí i bí èèyàn ti ń kí àlejò, wọ́n sì kọjá lára rẹ̀.

"Mummy," ló wí. "Èmi ni."

Wọ́n yíjú padà. Gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, ohùn nìkan la máa ń gbọ́ lórí fóònù. Ó máa ń ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò gbé fídíò. Mummy fọwọ́ pa á lójú, wọ́n fọwọ́ pa irùngbọ̀n náà. Àbúrò mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja níbi tí mọ́tò ti ń jáde nínú fẹ́rì. Ó ti wá dúró níbẹ̀ lọ́jọ́ méjì tó ṣáájú pẹ̀lú, ó sì ti pàdánù iṣẹ́ ọjọ́ méjèèjì.

Nínú yàrá rẹ̀, tí kò ju bẹ́ẹ̀dì kan àti sítóòfù lọ, Mummy se ẹ̀gúsí, wọ́n ro ẹ̀bà, wọ́n ń wo ẹnu rẹ̀ bó ti ń jẹ. Mo ń wo aago. Fẹ́rì kan á lọ lágogo márùn-ún, èyí tó kẹ́yìn á lọ ní agogo mẹ́fà àbọ̀. Igi ìta tún bẹ̀rẹ̀ sí í mì.

"Mummy, ẹ dìde. Tí afẹ́fẹ́ bá dá ti agogo mẹ́fà àbọ̀ dúró, bàálù àárọ̀ á fi wá sílẹ̀."

"Ìwọ máa lọ."

"Ta ló máa bá mi ṣe iṣẹ́ mi lọ́túnla?"

"Mo ní kó o máa lọ!"

Àbúrò mi ló bá wọn wọ bàtà. "Mummy, ẹ tẹ̀ lé Aunty. Ẹ ti rí mi." Ó kúnlẹ̀ bó ti ń dè é, n kò lè wo ojú rẹ̀.

A bá ti agogo márùn-ún lọ. Mummy kẹ̀yìn sí mi, wọ́n ń ka tèsùbáà. Mo wà lójú fèrèsé òtẹ́ẹ̀lì wa ní Naples nígbà tí mo rí fẹ́rì tó kẹ́yìn. Ó ń bọ̀ jẹ́jẹ́ lórí omi. Afẹ́fẹ́ ò ṣe é ní nǹkan kan.

Mummy ò bá mi sọ̀rọ̀ títí bàálù fi balẹ̀ ní London. Nínú bọ́ọ̀sì tó ń gbé wa lọ sí Peckham ni wọ́n ti ní, "Wákàtí kan àtààbọ̀ ni o gbà lọ́wọ́ mi."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo wọ yunifọ́ọ̀mù, mo lọ sí Brockley. Ìyá àgbà kan tí mo máa ń wẹ̀ fún béèrè ibi tí mo lọ. Mo ní mo gbé ìyá mi lọ sétí òkun. Ó ní inú wọn á mà dùn o. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mo sì bá a di bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀.