Ẹni tí Mo Ní Kí Ìyá Mi Sá Di

Ìyá mi kì í ṣe ọmọ Ìbàdàn. Ogun ló kó wọn wá kí wọ́n tó bí mi, wọ́n sì di ẹrú ní oko baálé wa ní ọ̀nà Lálúpọn. Nígbà tí òyìnbó oníwàásù wá tọrọ ọmọ tí òun yóò kọ́ ní ìwé, baálé wo àwọn ọmọ tirẹ̀, ó wò mí, ó ní kí wọ́n mú mi lọ. Kò tíì sí ẹni tó mọ ohun tí ìwé ń ṣe fún ọmọ ènìyàn nígbà náà. Bó bá jẹ́ pé ó ń pani ni, kó kọ́kọ́ pa ọmọ ẹrú.

Kò pa mí. Ọdún mẹ́ta ni mo lò nílé òyìnbó. Mo ń gbálẹ̀, mo ń pọn omi, tó bá di ọ̀sán mo máa ń jókòó sẹ́yìn àwọn ọmọ yòókù lórí ẹní. Ojú máa ń tì mí púpọ̀, ṣùgbọ́n òyìnbó kì í jágbe mọ́ mi. Òun ló di ọwọ́ mi mú tí mo fi kọ orúkọ ara mi sára síléètì. Ó ní lójú Ọlọ́run, kò sí ẹrú, kò sí olówó ẹrú. Mo gbà á gbọ́.

Nígbà tí ogun Ìjàyè gbóná, lẹ́tà kan dé fún un láti Èkó. Ó kà á tán, kò jẹun. Ó sọ fún wa pé ìlú òun, Amẹ́ríkà, ti pín sí méjì. Àwọn ìpínlẹ̀ ìhà gúúsù, níbi tí wọ́n ti bí òun, ti ya kúrò lára àwọn ti àríwá.

"Ẹ̀tọ́ wa ni wọ́n fẹ́ gbà lọ́wọ́ wa," ló wí. "Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló lẹ́tọ̀ọ́ láti ṣe òfin ilé ara rẹ̀."

Àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo lọ bi alásè wa, bàbá àgbàlagbà kan tí wọ́n ti tà kọjá òkun rí kí wọ́n tó padà wálé, pé ẹ̀tọ́ láti ṣe kí ni.

Bàbá náà bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀tọ́ láti ní irú èmi ni! Lẹ́nu òun fúnra rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ: bàbá tó bí i ní ẹrú bí ẹni ní ewúrẹ́. Àbí ta lo rò pé ó ń já òwú fún wọn lọ́hùn-ún, ìyàwó rẹ̀?"

"Bàbá, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni rere ni."

"Ṣé mo ní kì í ṣe ẹni rere ni? Ó fẹ́ràn ọbẹ̀ mi gan-an. Bá mi gbé iyọ̀ yẹn, jàre."

Mo rò pé wọ́n ń fi mí ṣeré ni.

Kò pẹ́ sí i ni ìyá mi gbé iṣu wá sí ìlú, tí wọ́n sọ fún mi pé baálé fẹ́ ta àwọn sí etí òkun, kó lè fi ra ìbọn àti ẹ̀tù. Lọ́dọ̀ tiwa, bí ẹrú bá sá wọ ilé ẹni ńlá, tó sì di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, ó ti sá di í nìyẹn. Ẹni náà kò gbọdọ̀ fà á lé olówó rẹ̀ lọ́wọ́ láìjẹ́ pé ó ti bá a bẹ̀bẹ̀. Ìjòyè aláàánú kan ni ìyá mi fẹ́ sá di. Èmi ni mo kọ̀.

"Ìjòyè náà ní ẹrú, ìyá mi. Òyìnbó kò ní. Ẹ wá sọ́dọ̀ rẹ̀."

"Ṣé o mọ̀ ọ́n dáadáa?"

"Mo mọ̀ ọ́n."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì ìyá mi wọlé, wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n di ẹsẹ̀ òyìnbó mú. Èmi ni mo túmọ̀ ọ̀rọ̀ wọn. Ó gbé wọn dìde, ó ní kí n fún wọn lómi. Kí wọ́n tó mu omi náà tán, ó ti rán ènìyàn lọ pe baálé. Mo rò pé ó fẹ́ bá a bẹ̀bẹ̀ ni.

Nígbà tí baálé dé, òyìnbó ní, "N kò wá síbí láti da òfin yín rú. Ìlú kọ̀ọ̀kan ló lẹ́tọ̀ọ́ láti ṣe òfin ilé ara rẹ̀. Obìnrin yín nìyí."

Ẹnu mi ni baálé ti gbọ́ ọ. Ó na ọwọ́ sí òyìnbó, ó rẹ́rìn-ín. "Àṣé ọmọ bàbá kan náà ni wá! Dìde, ìwọ ìsáǹsá. O kò mọ ẹni tí wọ́n ń sá di."

Èmi ni ìyá mi kọjú sí.

"Ṣé o sọ fún un pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ni mo dì mú?"

"Mo sọ fún un, ìyá mi."

"Ó sì gbọ́?"

"Ó gbọ́."

Baálé ní òun kò lè bọ́ ẹrú tó ti mọ ọ̀nà àtisá. Ọjọ́ kẹta ni àwọn oníṣòwò mú ìyá mi gba ọ̀nà etí òkun lọ. Bí wọ́n bá ti sá di ìjòyè náà ni, bóyá à bá jọ wà títí di òní.

Ní ọjọ́ ìsinmi, òyìnbó ní kí gbogbo wa kúnlẹ̀, kí a gbàdúrà pé kí Ọlọ́run má jẹ́ kí wọ́n gba ẹ̀tọ́ àwọn ènìyàn òun lọ́wọ́ wọn. Mo kúnlẹ̀. Nígbà tí àwọn yòókù ṣe àmín, n kò ṣe é. Ó rí mi, ó sì rò pé ara mi ni kò yá. Ó fi ọwọ́ kan iwájú orí mi, ó bu oògùn ibà fún mi. Mo mu ún.