Wáyà Mẹ́rin Tí Mo Tò Létòlétò

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fún mi láyè díẹ̀, kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí ní Dassa láyé ìjọba Révolution, nígbà tí a ṣì ń pe ara wa ní kámárádì.

Wọ́n ní kí èmi olùkọ́, tó mọ̀ nípa ẹ̀rọ díẹ̀, wá ran ọ́fíìsì ẹ̀kọ́ àgbègbè wa lọ́wọ́. Kọ̀ǹpútà Unix kan wà níbẹ̀. Félicité, ọmọ tí mo kọ́ ní kíláàsì àkọ́kọ́ ní Soclogbo, ló ń bójú tó o.

Nítorí eruku ọyẹ́, mo yọ wáyà mẹ́rin tó wà lẹ́yìn ẹ̀rọ náà láti nù ún. Ẹ mọ̀ mí, n kì í fẹ́ rúdurùdu! Mo lẹ bébà mọ́ ojú ihò kọ̀ọ̀kan: ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin. Ìwé ètò, tó ń pe àwọn ihò náà ní tty, sọ pé tty1 ni ihò ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Mo bá ki wáyà rẹ̀ bọ ihò àkọ́kọ́.

Félicité dé, ó wo bébà mi. "Mẹ́tírì, ibo lẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà?" Mẹ́tírì ni wọ́n ń pe olùkọ́ lọ́dọ̀ wa.

Mo ní ibo lèèyàn tún ti ń bẹ̀rẹ̀? Ó padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ó ku wákàtí méjì kí mọ́tò gbé orúkọ àwọn ọmọ tó máa ṣèdánwò lọ sí Kútọnu. A pàṣẹ fún ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, kò mira. Ọ̀gá ọ́fíìsì wọlé, ó ní sàbotáàjì ni, pé ẹnì kan mọ̀ọ́mọ̀ bà á jẹ́, òun yóò fi orúkọ Félicité ránṣẹ́ sí ìgbìmọ̀ Révolution. Ta ni kò mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn lè ṣe fún èèyàn nígbà yẹn?

Mo ní n kò ní dìde níbẹ̀ àfi kó ṣiṣẹ́. Mo yẹ ètò tó ń darí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wò, ó pé. Mo yẹ iyára tí òun àti kọ̀ǹpútà fi ń sọ̀rọ̀ wò, ó bára mu. Mo wá fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ránṣẹ́ sí ihò kọ̀ọ̀kan. tty1, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé dákẹ́. tty2, ó dákẹ́. tty3, bákan náà. Mo wá tty4, kò sí; tty0 ló kù, tí n kò kà mọ́ wọn rárá. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé pariwo!

Òdo ni ẹ̀rọ yìí ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ihò àkọ́kọ́ ni tty0, ihò kejì ni tty1.

Mo bi Félicité bóyá ó ti mọ̀ látàná. Ó wolẹ̀.

"Ṣé èmi ni n ó sọ fún Mẹ́tírì tó kọ́ mi ní ení, èjì, pé wọn ò mọ̀ ọ́n kà?"

Ẹ̀rín pa mí, ojú sì tì mí. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fara gbá a nítorí ọ̀wọ̀ mi. A pààrọ̀ ihò wáyà, orúkọ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Mo lọ bá ọ̀gá.

"Kámárádì, bí ẹ bá máa kọ orúkọ ẹnì kan, tèmi ni kí ẹ kọ. Èmi ni mo ki wáyà síbi tí kì í ṣe tirẹ̀."

Ó wo aago rẹ̀, kò dárúkọ ìgbìmọ̀ mọ́. Ó ní kí a yára, mọ́tò ń dúró.

Látìgbà náà, bí ọmọ bá bi mí ní ìbéèrè, mo máa ń kọ́kọ́ wò ó bóyá ìdáhùn ló gbé wá. Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ta ni ọmọ tó mọ ohun tí ẹ kò mọ̀, tí ọ̀wọ̀ yín pa lẹ́nu mọ́? Ẹ kọ ọ́ síbí. Màá kà á, láti òdo.