Ògì Gbígbóná Tí Mo Dà sí Ìyá Ọkọ Mi Lára

Ìjàgbó ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, láti Ọ̀fà ni mo sì ti máa ń gun ọ̀kadà lọ. Tí mo bá dé lọ́sàn-án, ìyá ọkọ mi kì í jẹ́ kí n fọwọ́ kan abọ́. Wọ́n á ní, "Ìyàwó mi, jókòó ná. Ó ti rẹ̀ ẹ́." Àwọn ni mo da ògì gbígbóná sí lára.

Àárọ̀ ni àìsàn náà máa ń dé. Màá jí, òógùn á ti rin aṣọ mi gbindin, ọwọ́ mi á máa gbọ̀n. Nígbà míì ọkọ mi á bá mi sọ̀rọ̀, mi ò ní mọ ohun tó ń sọ. Tí mo bá ti jẹun tán, ojú mi á wálẹ̀, màá sì gba ilé ìwé lọ. Mo tún ń sanra. Àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ mi ní ìtọ́jú ọkọ ló ń hàn lára mi.

Nígbà tí Lẹ́ńtì dé, mo bá ìjọ gbààwẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Màmá ọkọ mi rí mi tí mò ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, wọ́n sì gbé ògì wá fún mi. Ohun tí mo rántí mọ ni pé mo bá ara mi nílẹ̀ ilé ìdáná, tí ọkọ mi ń fi ṣíbí bu ṣúgà sí mi lẹ́nu. Màmá dúró nídìí omi ẹ̀rọ, wọ́n na apá sábẹ́ rẹ̀.

"Mummy, kí ló ṣe yín?" ni mo bi wọ́n.

"Ọwọ́ mi ló yọ̀. Mo da ògì sára."

Ọkọ mi ń wo ilẹ̀.

Ìgbà tí a ń lọ sílé ìwòsàn ní Ìlọrin ló tó sọ òótọ́ fún mi nínú ọkọ̀. "Ìwọ lo ju abọ́ yẹn lù wọ́n. O ní wọ́n fẹ́ fún ọ ní májèlé jẹ."

Mo ní kó dúró. Mo bì sẹ́bàá títì.

Àwọn dókítà dá mi dúró láìjẹun, wọ́n ń ṣọ́ mi, wọ́n sì ń gba ẹ̀jẹ̀ mi wò. Ṣúgà ara mi lọ sílẹ̀ gan-an, síbẹ̀ ínsúlíìnì, tó ń lé ṣúgà kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, pọ̀ lára mi. Wọ́n bi mí bóyá mo lo oògùn àtọ̀gbẹ, tó lè fa irú rẹ̀, mo ní rárá. Àwòrán inú ni wọ́n fi rí kókó kékeré kan, bí ẹ̀pà, lára ẹ̀yà tó wà lẹ́yìn àpò oúnjẹ.

"Kò wọ́pọ̀ rárá," ni dókítà wí. "Kókó yìí ló ń tú ínsúlíìnì jáde nígbà tí kò yẹ. Ẹ ò ya wèrè, Mà."

Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún mi, wọ́n yọ ọ́. Láti ìgbà yẹn, ara gbígbẹ, láìlàágùn, ni mo fi ń jí.

Nígbà tí mo délé, mo kúnlẹ̀. "Mummy, ẹ foríjì mí nítorí ògì yẹn."

"Ta ló sọ fún ọ?"

"Ọmọ yín ni."

"Ẹnu ẹ̀ kì í dúró. Àìsàn ló ṣe é, ìwọ kọ́. Dìde."

Mo dìde. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ májèlé yẹn ò kúrò lọ́kàn mi. Dókítà ní ọpọlọ tí ṣúgà bá tán níbẹ̀ lè sọ ohunkóhun. Mo gbà á gbọ́. Síbẹ̀ mo ń bi ara mi pé níbo ni mo ti rí i bù sọ, sí ẹni tí kò ṣe mí ní ibi kan rí.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, ooru mú gan-an. Mo ní kí Màmá wọ aṣọ ọlọ́wọ́ péńpé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ní òtútù ń mú àwọn, wọ́n sì fa ọwọ́ bùbá wọn wálẹ̀ dé ọrùn ọwọ́.